Àwo Orin Ìlá, Àwo Orin Kùmásì

Mo mọ orin kí n tó mọ ọkọ. Bí mo bá fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ mi bí mo ṣe dé Kùmásì, ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Yésúfù ní Ìperin, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Wọn a rò pé mo ti ṣìnà. N kò ṣìnà rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni Bọ̀dá Yésúfù. Òun ló ń rán aṣọ ọdún Iléyá fún gbogbo àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ní Ìbàdàn rí, ibẹ̀ ló sì ti ra giramafóònù kan, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó lè kọrin. Nígbà tó rí i pé àwọn tó wá wọn aṣọ kì í fẹ́ lọ mọ́ nítorí ẹ̀rọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo orin pẹ̀lú. Ó tò wọ́n sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú àti bọ́tìnnì: sákárà, àpàlà, jùjú, àti ti àwọn onílù àgídìgbo. Ènìyàn lè wọlé láti wọn bùbá kí ó sì gbé àwo jáde, kí ó wá dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó rántí bùbá.

Ọmọge ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Àṣàbí nígbà náà. Bí a bá ti oko dé, a ó jókòó ti òkúta, a ó máa pa ẹ̀kùrọ́, a ó sì tọ́jú ohun tí a bá rí níbẹ̀ títí yóò fi tó ra àwo kan. Ọjọ́ tí ó bá tó, ọjọ́ ọdún ni fún wa. A ó wẹ̀, a ó fi òrí para, a ó lé tìróò, a ó sì gba iwájú ọjà lọ kí gbogbo ayé lè rí wa. Àwo kan ṣoṣo la fẹ́ rà, ṣùgbọ́n a kì í sọ bẹ́ẹ̀. A ó ní kí ó fi èyí sí i ká gbọ́, a ó ní kí ó fi tọ̀hún sí i, a ó fajú ro, a ó ní ohùn ẹni tó ń gbè é kò dùn tó.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," Bọ̀dá Yésúfù a sọ, "ṣé ẹ fẹ́ ra orin ni, àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tán síbí?"

"A ń yàn ni, Bọ̀dá," Àṣàbí a dáhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ kì í rán aṣọ fún ènìyàn láìwọ̀n ọ́n."

Ohun tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni pé èmi kò ní giramafóònù, Àṣàbí kò ní. Àwo tí a bá rà, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Yésúfù náà la ń fi í sí. Ó fún wa ní àyè tiwa lórí pákó, ó fi ẹfun fa ìlà sí i. Bí orin wa bá ń wù wá í gbọ́, a ó lọ síbẹ̀, yóò sì fi sí i fún wa. Nígbà mìíràn àjèjì yóò wọlé láti Ọ̀rà tàbí Òkè-Ìlá, yóò na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwo wa, Bọ̀dá Yésúfù yóò sì ní, "Rárá, ìyẹn kì í ṣe títà. Ó ní àwọn tó ni ín." Bí a bá wà nítòsí tí a gbọ́ ọ, orí wa a wú.

Ìyá mi kò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ ra ohun tí ẹ kò lè gbé wálé," wọ́n ní. "Kí lẹ wá rà?"

"Orin ni, Ìyá."

"Ẹ ò gbọ́ orin náà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó rà á?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ohun tí ènìyàn bá fi òógùn ojú ara rẹ̀ rà, etí tó fi ń gbọ́ ọ yàtọ̀.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan, àwọn ará ilé Rájí wá tọrọ mi. Nítorí kí ìtàn yìí lè yé ènìyàn ni mo ṣe ń dárúkọ rẹ̀. Lójú rẹ̀, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ ní Góòlù Kóòsì, ní ìlú Kùmásì, níbi tó ti ń ta àtùpà àti abọ́ tánganran. Kò sí agbo ilé ní Ìlá nígbà náà tí kò ní ẹnìkan ní Góòlù Kóòsì. Ó wálé wá ṣọdún, ó wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n bá a sọ̀rọ̀ kí n tó dá wọn lóhùn. Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi.

"Ṣé wọ́n ń ta àwo orin níbẹ̀?"

"Wọ́n ń tà á," ó ní.

Gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ nìyẹn kí wọ́n tó so wá pọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìnàjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi fà mí wọ yàrá. Àbúrò wọn kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Aláṣọ; ó máa ń kó aṣọ òfì lọ tà ní Góòlù Kóòsì. Ìyá mi ní, "Bí àbúrò mi bá dé ọ̀hún, yóò yà wò ọ́. Bí ibẹ̀ kò bá tù ọ́ lára, gbé ẹrù rẹ, kí o tẹ̀lé e wálé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ í sọ, kí ó wá bá mi."

Àṣàbí kò sunkún. Ó mú èyí tí a fẹ́ràn jù nínú àwo wa wá, sákárà kan tí kò tíì pẹ́ tí a rà á, ó fi ìró mi wé e, ó sì tì í sísàlẹ̀ àpótí mi.

N kò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ọ̀nà jìn, mo sì dé. Nígbà tí mo tú ìró náà ní Kùmásì, àwo ti là sí méjì.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni ìmúra àwọn ọkùnrin wọn. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n yóò ró aṣọ bí obìnrin, yóò ju etí rẹ̀ sí èjìká kan, èjìká kejì yóò sì wà ní ìta gbangba. Mo máa ń yí ojú kúrò fún wọn, mo rò pé wọ́n gbàgbé ẹ̀wù sílé ni. Ohun kejì ni àwọn obìnrin wọn. Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù ńlá, obìnrin ló ń pàṣẹ fún àwọn tó ń já ẹrù, bí wọ́n bá sì ń bínú, gbogbo ọjà ló ń gbọ́.

Ohun kẹta ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Mo bá ọkọ mi lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, bí àwọn oníbàárà sì ti rí ilà ojú mi ni wọ́n ń pè mí ní "Alátà, Alátà." Mo gbé àtùpà sókè, mo fi hàn wọ́n pé n kò ta ata. Wọ́n tún pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀ mi kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí a délé mo bi Rájí pé kí ló dé.

"Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá nìyẹn," ó ní.

"Ṣùgbọ́n kò sí aláta nínú ilé wa."

"Kò sí nínú tiwa náà. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó sọ wá ní i."

Ojú rẹ̀ kò yí padà bó ti ń sọ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwàdà ló ṣe.

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kì í pariwo, kì í bínú, oúnjẹ mi kì í ṣẹ́kù síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ní ìsọ̀, èdè Twi ló ń fò yí mi ká láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. N kò lè ná ọjà, n kò lè bá ènìyàn jà, n kò lè ṣàwàdà. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ṣáá títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa dùn mí. Nílé, ọkọ mi gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Mo máa ń rò ó pé ahọ́n mi yóò gbẹ bí ilá tí a sá sórí àjà.

Ọmọ-ọmọ mi kan wà ní Kánádà báyìí. Ó ń pè mí lórí fóònù, mo ń rí ojú rẹ̀, mo sì ń rí ìkòkò tó gbé kaná lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tiwa, ẹnu ènìyàn ni fóònù wa. Bí ẹnìkan bá ń lọ sílé, a ó lọ bá a, a ó ní kí ó bá wa sọ fún ìyá wa pé àlàáfíà la wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan rán iṣẹ́ mìíràn ju àlàáfíà lọ. Bí èsì bá fi máa dé, ènìyàn á ti gbàgbé ohun tó béèrè. Ẹnìkan sọ fún ìyá mi nígbà kan pé mo ń húkọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n lo ewé efinrin sí i. Ikọ́ tí wọ́n ń wí ti lọ tipẹ́tipẹ́.

N kò tú àpótí mi. Aṣọ tí mo bá wọ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń dá a padà síbẹ̀. Mo ń retí Bàbá Aláṣọ. Rájí rí i, kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kan ó wọlé bá mi níbi tí mo ti jókòó, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì mú ìdajì àwo náà pọ̀, bí ẹni tó rò pé yóò lẹ̀.

"Ó ti fọ́," ó ní.

"Mo rí i."

Ó jáde. Inú bí mi débi pé mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀méjì. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwa ọmọ Ìlá ṣe ìpàdé wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí a túká, Rájí kò gba ọ̀nà ilé. Ó yà sí apá ẹ̀yìn ọjà ńlá, mo tẹ̀lé e, títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù kan tí orin ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwo orin ló bo ògiri láti òkè dé ilẹ̀. N kò mọ̀ pé àwo orin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Obìnrin kan tó sanra, tó fi gèlè dúdú wérí, jókòó sórí àga gíga láàárín wọn bí olórí ìlú. Máàmé Áfúà ni wọ́n ń pè é. Rájí bá a sọ Twi, obìnrin náà sì yíjú sí mi.

"Wọ́n ní kí ni orúkọ orin náà," ọkọ mi ní.

"Orin wo?"

"Èyí tó fọ́."

N kò mọ orúkọ rẹ̀. Nílé, orin wa la ń pè é. Rájí sọ bẹ́ẹ̀ fún un, obìnrin náà sì tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí o kọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

"Níbí?"

"Níbí."

Àwọn oníbàárà ti ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ inú ìró mi lọ. Mo la ẹnu, mo kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Máàmé Áfúà fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé ohùn sókè díẹ̀:

"Arẹwà tó ń rọjà, rọra máa rìn..."

Mo dánu dúró níbẹ̀, nítorí ibi tí àwọn elégbè ti ń gbà á nìyẹn, ẹnìkan kì í sì í dá lílé kí ó tún dá ègbè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi:

"Ọjà kò ní sá lọ, ọ̀nà kò ní ká."

Mo yíjú padà. Ọkọ mi ni. Ó ń wo ilẹ̀ bó ti wò ó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi, ó sì ń kọrin. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì tutù bí omi àmù. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀ n kò mọ̀ pé ohun bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ orin kejì láti wò ó bóyá yóò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n. Mo gbé ẹ̀kẹta. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí i, àwọn tó ń kọjá lóde sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí a parí, Máàmé Áfúà sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, gbogbo ènìyàn sì fi ẹ̀rín sí i.

"Kí ni wọ́n wí?" mo bi í.

"Wọ́n ní àwo náà kò sí lọ́wọ́ wọn."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ rà á mọ́. Wọ́n ní mo ti ní i nílé."

A kò jáde lọ́wọ́ òfo. A ra àwo kan tí wọ́n fi Twi kọ, Rájí sì yá giramafóònù lọ́wọ́ ará ilé wa kan. Nígbà tí a jókòó tì í, mo bi í níbo ló ti mọ orin wa.

"Ọ̀dọ̀ Yésúfù," ó ní. "Agbádá kan ṣoṣo ni mo gbé lọ fún un láti rán ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó bóyá ó ti rán an. Mo ń bá àwọn ọmọge méjì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń bá àwo jà."

"A kò rí yín."

"Mo wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n gbé kọ́. Mo gbọ́ bí o ti ń sọ pé ohùn elégbè kò dára tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ́ ègbè náà."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí ó bá mi túmọ̀ àwo Twi tí a rà. Ó ní ọkùnrin kan ló lọ sóko tó gbàgbé ọkọ́ rẹ̀ sílé. Ó padà wá gbé ọkọ́, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún gbàgbé ohun tó wá ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ kejì mo tú àpótí mi, mo kó aṣọ mi sórí okùn. Rájí rí i, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń kun orin nígbà tó ń wẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwo ṣe di ilé ẹ̀kọ́ mi. A ń ra ọ̀kan bí ọjà bá ti tà dáadáa, mo sì ń fi orin kọ́ èdè wọn. Ẹni tó bá fi orin kọ́ èdè yóò tètè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú orin. Ọjọ́ kan mo lọ ra ẹran. Bàbá ẹlẹ́ran bù ú fún mi, mo sì fẹ́ dúpẹ́. "Mẹ́dààsẹ" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni "mẹ́dọ́ wo", tí mo ti gbọ́ lẹ́nu olórin láìmọye ìgbà. Ó túmọ̀ sí pé mo fẹ́ràn rẹ. Bàbá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í wò mí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gé ẹran mìíràn fi ṣe ènì fún mi. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwọn ẹlẹ́ran ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mo fẹ́ràn lónìí, mo sì ti ní èsì fún wọn: ẹni tí ẹran rẹ̀ bá ní eegun díẹ̀.

Mo wá rí i pé ìlú kò tíì gba ènìyàn títí yóò fi lè bá wọn ṣàwàdà. Ènìyàn lè jẹun níbẹ̀, ó lè ṣòwò níbẹ̀, àlejò ṣì ni. Ọjọ́ tí mo dá àwọn ẹlẹ́ran lóhùn tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi, tí kì í ṣe sí àṣìṣe mi, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ nígbà tí mo ń lọ sílé.

Máàmé Áfúà ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn Yorùbá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n ń ti Ọ̀fà wá, wọ́n ń ti Ẹ̀jìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, òun kò sì mọ èyí tó dùn mọ́ wọn. Ó ní kí n wá máa jókòó ti òun. Rájí ní kí n lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un irú àpàlà tí yóò tà àti èyí tí eruku yóò bò. Àwọn awakọ̀ bá wa gbé àwo wá láti Èkó. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà fi di ibi tí àwọn ará wa ń yà sí ní ọjọ́ Àìkú. Ẹlòmíràn kò ní ra nǹkan kan. Yóò kàn dúró, yóò gbọ́ orin, yóò gbọ́ èdè Ìgbómìnà lẹ́nu mi, yóò sì lọ bí ẹni tó ti jẹun. Mo máa ń bi wọ́n bí Bọ̀dá Yésúfù ti máa ń bi wá pé ṣé wọ́n fẹ́ jẹ orin náà tán síbẹ̀ ni.

Ilẹ̀ náà gan-an yí orúkọ padà lójú wa, Góòlù Kóòsì di Gánà. Ní gbogbo àsìkò náà a ta àwo háíláìfù, orin ijó wọn, títí abẹ́rẹ́ giramafóònù fi tán nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo bá wọn jó ní òpópónà. Ẹnìkan pè mí ní Alátà nínú àwùjọ náà, mo sì dáhùn kí n tó mọ̀ pé mo dáhùn.

Bàbá Aláṣọ dé nígbà tí n kò retí rẹ̀ mọ́. Àìsàn ẹsẹ̀ ló dá a dúró nílé. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù fún un, ó sì wọlé nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Àwo àpàlà kan ló ṣẹ́kù, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òkè-Ìlá kan mú un ní etí kan, bàbá arúgbó ará Kùmásì kan mú un ní etí kejì. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Aláṣọ, mo gbé àpótí fún un kí ó jókòó lé, mo sì padà sídìí ìjà mi.

"Bàbá," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ ní Twi, "ẹ kò gbọ́ Yorùbá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìwọ ńkọ́," bàbá arúgbó dá a lóhùn, "ṣé o gbọ́ ohun tí ẹyẹ ń wí tí o fi ń dúró gbọ́ ọ?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi àwo sílẹ̀. Mo ní kí ó fi sílẹ̀ fún àgbà, pé òmíràn ń bọ̀ láti Èkó, n óò sì fi tirẹ̀ pamọ́ dè é. Mo wá fi àwo náà sórí ẹ̀rọ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ọ kí ó tó lọ. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń mi orí sí i bí ọmọ ìyá.

Nígbà tí èrò dínkù, Bàbá Aláṣọ ní kí n súnmọ́ òun.

"Ìyá rẹ rán mi níṣẹ́," ó ní. "Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wo ojú rẹ dáadáa kí n tó bi ọ́ bóyá o fẹ́ bá mi lọ. Mo ti jókòó síbí láti ìgbà tí oòrùn ti wà lókè, mo sì ti wo ojú rẹ. Ṣé kí n ṣì bi ọ́?"

"Ẹ má wulẹ̀ bi mí, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

Mo fẹ́ sọ pé àlàáfíà ni mo wà, bí a ti máa ń sọ. Mo rí i pé kò tó. "Ẹ sọ fún wọn pé mo ń ta orin, àwọn ènìyàn sì ń gbé e lọ sílé. Ẹ sọ pé ọkọ mi ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ pé èmi àti òun yóò wá kí wọn."

A lọ lóòótọ́, lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ mi àkọ́kọ́. A gbé giramafóònù tiwa dání, pẹ̀lú àwo tí mo fi òwú wé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Kò sí èyí tó fọ́. Àṣàbí ni mo kọ́kọ́ fi àwo tirẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun náà ti lọ sílé ọkọ ní Ọ̀rà, ó pọn ọmọ wá. Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ sójúde bàbá mi, gbogbo agbo ilé ló jáde. Mo fi orin ọkùnrin tó gbàgbé ọkọ́ sí i, mo sì ń fi èdè Ìgbómìnà túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Àwọn ìyá mi gbogbo fi ẹ̀rín wó lu ara wọn. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ègbè rẹ̀, wọ́n ń kọ Twi tí ará Kùmásì kankan kò lè mọ̀, ìyá mi sì dìde jó. Rájí ń gbè é lẹ́yìn wọn. Bàbá mi yíjú sí i, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni o jókòó síbí níjelòó tí o ń wo ilẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá," ó ní. "Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò sọ ni."

Àwọn ọjọ́ náà sáré. Mo jẹ ẹ̀bẹ, mo lọ sí oko, mo sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí ìdákẹ́ bá ti bá mi, mo ń ronú nípa àwo tí àwọn awakọ̀ yóò ti kó dé, àti bóyá Máàmé Áfúà rántí fi ti ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè-Ìlá yẹn pamọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ó burú láti wà ní ojúde bàbá ẹni kí ọkàn ẹni wà níbòmíràn.

Ní òwúrọ̀ tí a ń padà lọ, ìyá mi ló di ẹrù wa. Wọ́n fi gàrí sí i, wọ́n fi irú sí i, wọ́n fi epo sínú ìgò, wọ́n sì fi ewé di ẹnu rẹ̀. Wọ́n wá mú aṣọ òfì kékeré kan jáde nínú àpótí ara wọn, èyí tí wọn kì í fi han ènìyàn.

"Ti obìnrin tí o ń bá jókòó nìyí," wọ́n ní. "Bí ẹ bá délé, kí o bá mi fún un."

Bí ẹ bá délé. Lẹ́nu ìyá mi, Ìlá nìkan ni ilé ń jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Bí ènìyàn bá lọ sí Ìbàdàn, oko ni wọ́n ní ó lọ. Mo wo ojú wọn bóyá ahọ́n wọn ló ṣì í sọ. Wọ́n tẹríba, wọ́n ń fa okùn ẹrù náà kí ó le.

"Wọ́n á gbà á, Ìyá," mo ní. "Bí a bá ti délé báyìí ni n óò fún wọn."